Písítìn inú agolo: ìtàn Burt Munro

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òwe yìí ni mo fi ń rántí Burt Munro, ọmọ New Zealand. Alùpùpù Indian Scout tí ó rà ní 1920 kò lè sáré ju ibùsọ̀ 55 lọ ní wákàtí kan. Láti 1926 ni ó ti ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe: ó ń da irin yíyọ́ sínú agolo àlòkù láti fi ṣe písítìn, títí 600cc fi di 950cc. Ní 1967, ní Bonneville ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ibùsọ̀ 183.586 sílẹ̀ fún un. Wọ́n ṣi ìṣirò ṣe, 184.087 ni. Ní 2014, ọdún 36 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni wọ́n tó tún un kọ. Ìwé lè ṣìṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í parọ́.