Mẹ́dà Tí Kò Ní Orúkọ: Bí A Ṣe Mọ Ogun Tí Bàbá Màmá Àgbà Mi Jà

Àrọ́bá ni baba ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń wí. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ṣe bí àrọ́bá bá sọ ọ̀kan, tí irin tó wà nínú àpótí sì sọ òmíràn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kọ sínú àròkọ yìí.

Àpótí páànù kan wà lábẹ́ ibùsùn Màmá àgbà mi. Nínú rẹ̀ ni ohun tí gbogbo ẹbí ń pè ní "mẹ́dà Jámánì" wà. Igi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó bírò, wọ́n sì so ríbọ́ọ̀nù mẹ́rin mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mẹ́dà mẹ́ta ló rọ̀ mọ́ ríbọ́ọ̀nù mẹ́ta, ìkẹrin ṣófo. Bàbá tó bí Màmá àgbà ló ni ín. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé bàbá náà bá Jámánì jà nígbà ogun Hítílà, àti pé lára ṣọ́jà Jámánì tó ṣẹ́gun ni ó ti já a gbà.

Ní oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí a ń múra fún ìrántí àwọn ọmọ ogun tí Nàìjíríà máa ń ṣe ní ọjọ́ 15, àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Dádì Èkó, wá sílé. Ó ní òun mọ ẹnì kan tó ń ra mẹ́dà Jámánì ní owó gọbọi. Òrùlé ilé Màmá àgbà ń jò, kò sì sí owó láti fi ra páànù tuntun. Gbogbo ẹbí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Bàbá mi ló ní kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ tà. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ tí o ń ka ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́, lọ wádìí rẹ̀ wá."

Olùkọ́ ìtàn wa ràn mí lọ́wọ́. A wo àwòrán mẹ́dà Jámánì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́ ni àwọn ṣọ́jà Jámánì máa ń to mẹ́dà wọn sórí irin kan ṣoṣo. Èyí tó sábà máa ń ṣáájú ni Àgbélébùú Irin, àgbélébùú dúdú tí etí rẹ̀ funfun bíi fàdákà. Ọba Prussia ló dá a sílẹ̀ ní 1813. Wọ́n tún un ṣe ní 1870, ní 1914 àti ní 1939, ọdún náà sì máa ń wà lára apá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà ogun 1914, àwọn ìpínlẹ̀ Jámánì bíi Bavaria àti Saxony ní mẹ́dà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, bí a bá rí Àgbélébùú Irin tí mẹ́dà Bavaria tẹ̀lé e, ó ṣeé ṣe kí ará Bavaria ló ni ín. Ọ̀nà tí àwọn tó ń kó mẹ́dà jọ fi ń mọ ìtàn rẹ̀ nìyẹn: wọ́n ń wo èyí tó ṣáájú, èyí tó tẹ̀lé e, àti àwọ̀ ríbọ́ọ̀nù. Bí ẹnikẹ́ni bá tú wọn ká, ìtàn náà tú ká.

Mo padà sílé, mo wo tiwa. Kò sí àgbélébùú kankan níbẹ̀.

Olùkọ́ wa ní kí n má tíì yára. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ogun Jámánì àkọ́kọ́. Nígbà náà, Jámánì ló ń ṣàkóso Kamẹrúùnù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà sì bá wọn jà níbẹ̀ láti 1914 títí di 1916, kí wọ́n tó tún lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ nọ́ńbà àti orúkọ ṣọ́jà sí ara mẹ́dà ogun náà, yálà ní etí tàbí ní ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi àti bàbá mi tan iná fóònù sí tiwa. A yí i síwá, a yí i sẹ́yìn. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni.

Méjì nínú mẹ́ta náà jẹ́ ìràwọ̀ oníka mẹ́fà. Wọ́n ti dúdú. Mo fi aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ nu ojú wọn díẹ̀díẹ̀, adé ọba sì yọ láàárín, pẹ̀lú lẹ́tà yí i ká. Mo kà á jáde: "The 1939–1945 Star." Mo ka èkejì: "The Burma Star." Ìtìjú mú mi. Ọ̀rọ̀ ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo wa tí a kàwé nínú ilé kò sì kà á rí, nítorí a rò pé a ti mọ̀ ọ́n.

Mẹ́dà kẹta rí roboto, ó sì funfun. Orí Ọba Jọ́ọ̀jì Kẹfà wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kìnnìún kan dúró lórí dírágónì olórí méjì. Mẹ́dà ogun 1939 sí 1945 nìyẹn. Èyí tó sọnù ńkọ́? Ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ ló jẹ́rìí fún un: àwọ̀ ọsàn ní àárín, àwọ̀ ewé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìlà dúdú tín-ín-rín sì wà láàárín àwọ̀ ewé náà. Ríbọ́ọ̀nù Defence Medal ni. Nígbà tí mo sọ ọ́, bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó jẹ́wọ́ pé òun ló já a nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí òun fi gba gúgúrú lọ́wọ́ ẹni tó ń ra irin àlòkù. Màmá àgbà kò rẹ́rìn-ín rárá.

Nítorí náà, kì í ṣe mẹ́dà Jámánì. Ìlẹ̀ Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí, ni bàbá wa lọ, àwọn ará Jàpáànù ló sì bá jà. Ogun kan náà ni lóòótọ́, nítorí Jàpáànù àti Jámánì jọ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ni. Mo rò pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ẹbí wa ti wá: ogun Hítílà ni gbogbo ayé ń pè é, a sì rò pé gbogbo ẹni tó jà á ló rí Jámánì.

Ṣùgbọ́n mẹ́dà kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó jà ní Bọ́mà, dúdú àti funfun, ìràwọ̀ kan náà ni wọ́n gbà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sí ara mẹ́dà mọ́ fún ogun kejì. Àwọn ṣọ́jà Australia àti South Africa rí orúkọ wọn lára tiwọn, nítorí ìjọba wọn kọ ọ́ fún wọn. Ta ló kọ ti ará Ìkọ̀lé, ti Ọyẹ́ tàbí ti Ìdó?

Mo jókòó ti Màmá àgbà, mo ní kí wọ́n sọ ohunkóhun tí bàbá wọn bá sọ nípa ogun náà. Wọ́n ní lẹ́yìn tí bàbá ti ogun dé ni wọ́n bí àwọn, ṣùgbọ́n ohun méjì ni bàbá máa ń sọ tí ẹnikẹ́ni kì í gbà gbọ́. Èkíní, pé oúnjẹ ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Èkejì, pé aláǹtakùn wà ní èjìká àwọn. Àwọn ọmọ rò pé àlọ́ ni, àwọn mìíràn sì rò pé oògùn ni.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún olùkọ́ wa, ó dìde lórí àga. Ní 1943, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tí wọ́n ń pè ní 81st West African Division sílẹ̀. Àmì tí wọ́n rán mọ́ apá ẹ̀wù wọn ni aláǹtakùn dúdú lórí aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ananse ni, aláǹtakùn ọlọgbọ́n inú àlọ́ àwọn Akan, bí Ìjàpá ti rí nínú àlọ́ tiwa. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà, nítorí náà ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Bàbá kò purọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, 82nd, ní àmì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Aláǹtakùn ló jẹ́ kí á mọ̀ pé inú 81st ni bàbá wà.

Ẹ ò rí i bí? Irin ló tún àṣìṣe ẹnu ṣe, ẹnu ló sì parí ohun tí irin kò lè sọ. Orúkọ ogun náà ṣì wà láàárín wa: Arakan àti Dodan ní Èkó, Letmauk ní Ìbàdàn, ibi tí wọ́n ti jà ní Bọ́mà ni wọ́n fi sọ àwọn bárékè wọ̀nyí. Orúkọ àwọn ènìyàn tó jà níbẹ̀ ni kò sí lára ògiri.

Ẹbí tún jókòó. Mo ṣàlàyé pé irú mẹ́dà yìí kì í wọ́n lọ́jà, nítorí wọ́n ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀, kò sì ní orúkọ. Ẹni tó bá rà á yóò ra ìràwọ̀ idẹ lásán. Àwa nìkan ni a mọ ẹni tó wọ̀ ọ́. Inú Dádì Èkó kò kọ́kọ́ dùn, ṣùgbọ́n àwọn ló kọ́kọ́ dá owó nígbà tí ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó páànù. A ti tún apá kan òrùlé náà ṣe. Igun kan ṣì ń jò, a sì ti gbé àpótí náà kúrò níbẹ̀.

Mo kọ orúkọ bàbá sórí ìwé, pẹ̀lú ìlú rẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí Màmá àgbà sọ. Mo ya àwòrán mẹ́dà náà níwájú àti lẹ́yìn. A kò fi yanrìn fọ̀ ọ́, a kò sì pààrọ̀ ríbọ́ọ̀nù. Èyí tó ṣófo náà wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ àpótí ilé yín wò. Bí ẹ bá rí irú irin bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì lọ bi àgbà tó kù nílé léèrè. Ọmọ ọdún 16 ni mí. Ó lè jẹ́ pé bàbá náà kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìjọba kò kọ orúkọ rẹ̀ sí ara irin náà. Àwa ọmọ rẹ̀ ni a ó kọ ọ́.