Eérú Kò Tọ Ẹni Tí Ó Dà Á: Ìtàn Eruku Asibẹ́sítọ́ọ̀sì àti Àwọn Ọmọdé Armley

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Òtítọ́ ni òwe yìí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀ràn ayé, ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí ó ta kò ó. Ní àdúgbò Armley, ní ìlú Leeds ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan da eruku sí ojú pópó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Eruku náà kò tọ àwọn tí ó dà á. Àwọn ọmọdé tí ń ṣeré ní ìta ni ó tọ̀, wọn kò sì mọ̀ pé ó ti wọ inú àwọn títí wọ́n fi di òbí, tí àwọn mìíràn sì fi di òbí àgbà. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀, ohun tí a ti mọ̀ nípa eruku náà ṣáájú kí ó tó pa wọ́n, àti ìdí tí ó fi yẹ kí ọ̀ràn ọmọdé ká wa lára jù nínú rẹ̀.

Kí ni asibẹ́sítọ́ọ̀sì? Òkúta ni, inú ilẹ̀ ni a ti ń wà á, ṣùgbọ́n kò jọ òkúta yòókù. Bí a bá fọ́ ọ, kì í di iyanrìn. Ńṣe ni ó ń ya bí òwú. A lè ran án bí okùn, a lè hun ún bí aṣọ, a sì lè pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì. Iná kì í jó o, ooru kì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá, kì í sì í jẹrà. Nítorí ìwà rere wọ̀nyí ni àwọn oníṣòwò ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni ó gbajúmọ̀ jù lọ́jà: funfun, aláwọ̀ búráùn, àti aláwọ̀ búlúù. Gbogbo wọn ni ó léwu, ṣùgbọ́n aláwọ̀ búlúù ni ó burú jù, ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà sì ni wọ́n ti wà á jù nígbà tí òwò rẹ̀ ṣì ń lọ.

Ìwà tí kò jẹ́ kí ó jẹrà nínú ilé náà ni kò jẹ́ kí ó jẹrà nínú ara ènìyàn. Fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Bí a bá mí i símú, a lè wúkọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n àwọn tí ó tín-ín-rín jù a lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Àìsàn mẹ́ta ni ó sábà máa ń ti ibẹ̀ wá. Èkíní ni àpá tí ń mú ẹ̀dọ̀fóró le, tí aláìsàn kò fi ní lè mí kanlẹ̀ mọ́. Èkejì ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀kẹta ni jẹjẹrẹ inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo ẹ̀dọ̀fóró tàbí ìfun, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní mẹsotẹlíómà. Ẹ̀kẹta yìí ni ìtàn wa dá lé. Kò dìgbà tí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ nínú eruku náà fún ọdún gbọọrọ kí ó tó mú un. Láti ìgbà tí eruku bá wọlé sí ìgbà tí àìsàn bá farahàn a máa tó ogún ọdún sí àádọ́ta ọdún, nígbà mìíràn a tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà; ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn yìí bá ti wọ ọgbà tán, ikú kì í pẹ́ dé.

Láti orísun òwò náà ni ọmọdé ti wà nínú rẹ̀. Oníṣègùn kan, Gerrit Schepers, ṣe ìbẹ̀wò sí ibi ìwakùsà asibẹ́sítọ́ọ̀sì ní ìhà àríwá Transvaal ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1949. Ó jẹ́rìí lẹ́yìn náà pé òun rí àwọn ọmọ kékeré nínú àpò ńláńlá, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ asibẹ́sítọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ kí àpò lè gbà á, tí òwú òkúta náà sì ń dà lé wọn lórí láti àárọ̀ di alẹ́. Alábòójútó wọn mú pàṣán lọ́wọ́. Irú àpò bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń kó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Láti Gúúsù Áfíríkà kan náà ni asibẹ́sítọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù ti ń dé Armley, sí ilé-iṣẹ́ J. W. Roberts tí ó wà ní Canal Road. Ní ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ yìí wà lára àwọn tí ó para pọ̀ di Turner & Newall, tí ó di aṣáájú nínú òwò asibẹ́sítọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń ṣe ohun bíi tìmùtìmù tí a fi ń bo ìkòkò omi gbígbóná inú ọkọ̀ ojú irin, kí ooru má baà tú dànù. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1930, wọ́n tún ń ṣe irú èyí tí a ń fín mọ́ ara ògiri àti irin.

Ilé àwọn òṣìṣẹ́ ni ó yí ilé-iṣẹ́ náà ká, wọ́n fara ti ara wọn gbágbágbá, ilé ẹ̀kọ́ sì wà nítòsí. Eruku ń tú jáde láti inú ilé-iṣẹ́, ó ń bà sórí òrùlé, sí ojú fèrèsé, sí ojú pópó àti sí ibi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń ṣeré. Ní ilẹ̀ tí òjò dídì ti ń rọ̀ nígbà òtútù, ọmọdé a máa mọ òjò dídì náà rìbìtì, wọn a sì máa fi ju ara wọn. Àwọn tí ó dàgbà ní Armley sọ pé eruku asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni àwọn ń mọ rìbìtì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń fa ilà eré sínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn sì ń fò lórí àpò tí wọ́n tò síbi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù. Ta ni yóò bá ọmọ wí nítorí pé ó ṣeré nínú eruku? Nílé wa níhìn-ín, ṣebí iyẹ̀pẹ̀ ni ọmọdé fi ń se àsè.

Ǹjẹ́ a lè sọ pé kò sí ẹni tí ó mọ̀? Ẹ jẹ́ kí á wo ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1924, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nellie Kershaw kú ní ìlú Rochdale. Ilé-iṣẹ́ Turner Brothers, tí òun náà wà lára Turner & Newall, ni ó ti ń ran òwú asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Dókítà W. E. Cooke yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò, ó sì kọ ohun tí ó rí níbẹ̀ sínú ìwé àwọn oníṣègùn ní ọdún náà gan-an. Ní ọdún 1930, Merewether àti Price gbé àbọ̀ ìwádìí wọn fún ìjọba. Òṣìṣẹ́ 363 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́. Ní ọdún 1931, ìjọba ṣe òfin pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì máa fa eruku kúrò níbi tí òṣìṣẹ́ wà. Òfin rere ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ni ó pin sí. Kò sọ ohunkóhun nípa ọmọ tí ó wà ní ìta.

Nǹkan bí ọdún 1958 ni ilé-iṣẹ́ Armley kógbá wọlé. Ẹ̀rọ dákẹ́, eruku kò tú mọ́, àwọn ọmọ ìgbà náà sì dàgbà, wọ́n bá iṣẹ́ tiwọn lọ. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìmọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ní ọdún 1960, J. C. Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà kọ nípa aláìsàn 33 tí mẹsotẹlíómà mú. Gbogbo wọn àfi ẹnì kan ṣoṣo ni ó ti ṣeé ṣe kí wọ́n bá asibẹ́sítọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù pàdé ní agbègbè Cape. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣiṣẹ́ ìwakùsà rí. Gbígbé ìtòsí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé, nígbà tí àwọn kan ṣì wà lọ́mọdé. Ní ọdún 1965, Molly Newhouse àti Hilda Thompson ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí àwọn 76 tí àrùn náà mú. Wọ́n rí àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n rí àwọn ará ilé òṣìṣẹ́ tí eruku ara aṣọ iṣẹ́ bá nílé, wọ́n sì tún rí 11 tí kò sí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n tí ilé wọn kò ju ìdajì máìlì lọ sí ilé-iṣẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé ògiri kò dá eruku dúró.

Ó kù kí òfin náà gbà bẹ́ẹ̀. Arthur Margereson, tí ó ṣeré ní Armley nígbà èwe rẹ̀, kú ní ọdún 1991. Ìyàwó rẹ̀ ni ó gbé ẹjọ́ náà dúró. Ẹnì kejì ni Ìyáàfin June Hancock. Ọdún 1936 ni wọ́n bí i, ìtòsí ilé-iṣẹ́ náà sì ni ó gbé dàgbà. Mẹsotẹlíómà ni ó pa ìyá rẹ̀ ní ọdún 1982. Ní ọdún 1994, àwọn oníṣègùn sọ fún un pé àrùn kan náà ti dé sára òun pẹ̀lú. Ó ti tọ́jú ìyá rẹ̀ títí dé ojú ikú. Kò sí ẹni tí ó ní láti ṣàlàyé fún un mọ́. Síbẹ̀ kò káwọ́ gbera. Ó pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ilé-iṣẹ́ sì jà á kíkankíkan.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, Adájọ́ Holland dá a láre. Ohun tí ìdájọ́ náà sọ ni pé, ó kéré tán láti ọdún 1933, ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ náà ti mọ̀ pé eruku rẹ̀ lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá, àti pé bí ipò ìta bá ti rí bí ti inú, ojúṣe rẹ̀ sí ọmọ tí ń ṣeré lẹ́yìn ògiri kò yàtọ̀ sí ojúṣe rẹ̀ sí òṣìṣẹ́. Kò dìgbà tí wọ́n bá mọ orúkọ àrùn náà kí wọ́n tó dá eruku dúró. Ilé-iṣẹ́ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1996, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà fìdí ìdájọ́ múlẹ̀. Ìyáàfin Hancock kú ní oṣù keje ọdún 1997. Nígbà tí ó di ọdún 2001, Turner & Newall fúnra rẹ̀, tí ó ti ń jẹ́ T&N, ti wọ abẹ́ ìlànà àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Ẹ wo bí àkókò ti ń gbèjà ẹni tí ó da eérú: ó ṣeé ṣe kí ó ti lọ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Èéṣe tí ewu náà fi pọ̀ fún ọmọdé? Ní ọdún 2013, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ tí ó ń gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ọmọ ọdún márùn-ún àti ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n bá mí ìwọ̀n eruku kan náà símú, ewu mẹsotẹlíómà ní gbogbo ọjọ́ ayé ọmọ náà yóò tó ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ ti àgbà. Bí àgbà náà bá jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, yóò tó ìlọ́po márùn-ún. Kì í ṣe pé ìgbìmọ̀ náà rí ẹ̀rí tí ó dájú pé ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé fúnra rẹ̀ kò lágbára tó. Ọjọ́ ayé tí ó kù níwájú ọmọ ni. Àrùn tí ń gba ogójì ọdún kí ó tó jí lè má bá arúgbó láyé. Yóò bá ọmọdé. Ẹ̀mí gígùn tí à ń tọrọ fún àwọn ọmọ wa gan-an ni àrùn yìí ń dúró dè.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de aláwọ̀ búlúù àti búráùn ní ọdún 1985, ó sì de funfun ní ọdún 1999. Ṣùgbọ́n òfin kì í yọ ohun tí a ti kàn mọ́ òrùlé tẹ́lẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tiwa pẹ̀lú, wọ́n ti fi pákó asibẹ́sítọ́ọ̀sì oní-sìmẹ́ǹtì ṣe òrùlé àti àjà ọ̀pọ̀ ilé, ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́. Èyí kì í ṣe eruku Armley. Sìmẹ́ǹtì di fọ́nrán rẹ̀ mú, bí kò bá sì fọ́, kì í tètè tú sílẹ̀. Nígbà tí a bá rẹ́ ẹ, tí a lu ú, tí ó gbó tí ó ń rún, tàbí tí a fi ìgbálẹ̀ gbá èérún rẹ̀ ní gbígbẹ ni fọ́nrán ń fò. Nítorí náà, bí ìjì bá ṣí irú òrùlé bẹ́ẹ̀ tàbí bí àjà kíláàsì bá ya lulẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe rán ọmọ lọ gbá a tàbí kó o. Kí ó kó wọn kúrò níbẹ̀, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà tó ọ̀gá létí, kí a wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, tí yóò fi omi rin ín kí ó tó fọwọ́ kàn án. Kí a má sì jẹ́ kí àfọ́kù rẹ̀ di ohun ìṣeré.

Bí a bá to àwọn ọdún inú ìtàn yìí, a ó rí i pé òṣìṣẹ́ ni òfin kọ́kọ́ rántí, ní ọdún 1931. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kọjá kí ilé ẹjọ́ tó rántí ọmọ tí ó wà ní ìta. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀, nítorí kò tí ì mọ̀ pé ohunkóhun ṣe òun. Ẹni tí ó bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àsìkò eré ni ó yẹ kí ó mọ̀ fún un. Ní ọjọ́ púpọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀, olùkọ́ ni ẹni náà.