Owó Ìlú àti Gàrí Ọjà Ọba

Ìdí Òkè Mápó ni Ọjà Ọba wà. Ọjà Ìbà ni wọ́n ń pè é kí Baálẹ̀ Ìbàdàn tó di Olúbàdàn ní 1936. Ẹni tó ń ná gàrí àti láfún níbẹ̀ lè má mọ̀ pé owó ìjọba wà nínú ìtàn wọn.

Ní 1899 ni wọ́n dá oko ìdánwò sílẹ̀ ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Ní 1910 ó di ojúkò ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba. Òwú ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́, ṣùgbọ́n kòkó ló mówó wọlé. Láti 1947, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa ra kòkó ń san iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé fún àgbẹ̀, ó sì ń tọ́jú èyí tó kù. Nínú rẹ̀ ló ti fún Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Owó àgbẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò sì bi àgbẹ̀ léèrè. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, owó-orí àti iye kòkó wà lára ohun tó ń bí wọn nínú.

IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, dé Ìbàdàn ní 1967. Ìjọba àpapọ̀ fi ilẹ̀ bí 1,000 hẹ́kítà sílẹ̀, àjọ Ford àti Rockefeller gbé owó kalẹ̀. Láti 1971, oríṣiríṣi ìjọba ń dáwó sí i.

Èso owó náà hàn nígbà tí kòkòrò funfun kan, tó dà bí ìyẹ̀fun, bo ewé ẹ̀gẹ́. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ àti kòkòrò náà ti wá, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá tó ń pa á lọ́hùn-ún kò bá a wá. Wọ́n rí i ní Zaire ní 1973. Kí 1980 tó wọlé, ó ti dé Nàìjíríà. Oko tó bá bà jẹ́ lè pàdánù ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA kò wá oògùn apakòkòrò. Ọ̀tá kòkòrò náà ni wọ́n pinnu láti wá lọ sí ilé rẹ̀. Ní Paraguay ni wọ́n ti rí agbọ́n bíńtín kan tó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà, tí ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ pa láti inú. Ní 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ tó fi tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún.

Ní 1988, onímọ̀ ọrọ̀-ajé Richard Norgaard ṣírò rẹ̀ pé dọ́là kan tí wọ́n ná mú èrè bíi dọ́là 149 wá. Oníṣòwò wo ló lè dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí? Agbọ́n kì í mọ ààlà: èyí tí a tú sílẹ̀ ní oko Àkànní, oko Àlàmú ló máa sùn, ta ni yóò sì gbowó lọ́wọ́ Àlàmú? Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kò san kọ́bọ̀ fún agbọ́n náà, wọn kò sì ṣírò rẹ̀ mọ́ iye kóńgò gàrí ní Ọjà Ọba.