Ẹ̀yìnkùlé ní Pobè àti Sakété: ọgbà kékeré tó ń pa ewé mọ́

Ẹ̀yìnkùlé ni ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí a ti ń dáná, tí a ti ń fọṣọ, tí a ti ń sin adìẹ, tí a sì ń gbin ewé ọbẹ̀. Kì í ṣe oko. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ló ni oko. Ẹ̀yìnkùlé jẹ́ ti ìyá ilé, ohun tí ọbẹ̀ alẹ́ ń fẹ́ ló wà níbẹ̀.

Lónìí, bí ìlú ṣe ń fẹ̀, wọ́n ń gé ilẹ̀ ẹbí sí pàsẹ́ẹ̀lì. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ 20 mítà sí 25 mítà. Ilé, ilé ìyàgbẹ́ àti ògiri gba púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń da sìmẹ́ǹtì bo ìyókù. Síbẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìnkùlé kò fìgbà kan tóbi, igun kékeré ṣì tó o.

Ìdí tí ó fi kan àṣà

Ìwádìí tí Alexandre Dansi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2008 ka irú ewé 187 tí a ń jẹ ní Benin. 47 péré ni a ń gbìn. 140 ni a ń já nínú igbó. Bí igbó bá wá di pàsẹ́ẹ̀lì, ibo ni a ó ti já wọn? Ọ̀pẹ ní ibùdó ìwádìí tirẹ̀ ní Pobè láti 1922. Ní ti ọ̀pọ̀ ewé, inú orí àwọn ìyá àgbà ni ìmọ̀ wọn wà. Ewé tí a kò já mọ́, orúkọ rẹ̀ kì í pẹ́ parẹ́.

Àwọn ewé tí igun kékeré gbà

Ewúro (Vernonia amygdalina): ẹ̀ka rẹ̀ la ń gé gbìn. Ó ń pẹ́ lórí ilẹ̀, ó sì lè ṣe ọgbà yí ilé ká.

Ṣọkọ (Celosia argentea) àti tẹ̀tẹ̀ (Amaranthus): irúgbìn wọn wẹ́. A máa ń pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó má baà kójọ sójú kan nígbà tí a bá ń fọ́n ọn.

Ewédú (Corchorus olitorius): èèpo irúgbìn rẹ̀ le. A ń dì í sínú aṣọ, a ó tì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó lè tètè hù.

Ìgbá (Solanum macrocarpon), tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní gboma: a kọ́kọ́ ń gbìn ín sójú kan, lẹ́yìn náà a ó lọ́ ọ lọ sórí ebè.

Yánrin (Launaea taraxacifolia) àti ẹ̀bòlò (Crassocephalum): inú igbó ni a ti mọ̀ wọ́n jù. A lè hú yánrin tòun ti gbòǹgbò wá sílé.

Ilẹ̀, omi àti adìẹ

Ààtàn ni oúnjẹ ẹ̀yìnkùlé. Èèpo iṣu, ewé gbígbẹ, eérú ààrò àti ìgbẹ́ adìẹ ni a ń kó síbẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó ewé. Ó gbọ́dọ̀ jẹrà kí a tó lò ó. Ohun tí ẹran yà ń bọ́ ilẹ̀, ohun tí ilẹ̀ mú jáde ń bọ́ ẹran: ìlànà yìí kan náà ni ibùdó Songhaï ń lò, èyí tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1985.

Òjò ń rọ̀ nígbà méjì lọ́dún lọ́dọ̀ wa: láti oṣù kẹta sí ìkeje, àti láti ìkẹsàn-án sí ìkọkànlá. Òjò mílímítà 1 lórí mítà onígun mẹ́rin 1 jẹ́ lítà 1. Nítorí náà, òjò mílímítà 20 lórí páànù tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 40 lè mú tó lítà 800 wá. Ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ fọ páànù dànù, kí ẹ sì de orí ìkòkò nítorí ẹ̀fọn.

Adìẹ ìbílẹ̀ ń sàba fún ọjọ́ 21. Àrùn tí wọ́n ń pè ní Newcastle máa ń pa wọ́n lọ́pọ̀ nígbà ọyẹ́. Kí ọyẹ́ tó dé ni kí a ti fún wọn ní àjẹsára.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Kì í ṣe irúgbìn nìkan la fẹ́ pa mọ́. Ewé kan lè ní orúkọ kan ní Pobè, kí ó ní òmíràn ní Sakété. A ń rọ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ kí ẹ jókòó ti àwọn ìyá wa, kí ẹ kọ orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú ìlú, ìgbà tí a ń já a àti bí a ṣe ń sè é. Lẹ́yìn náà, ẹ gbin ọ̀kan sẹ́yìn ilé yín, kí àwọn ọmọ lè rí ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí.