Bí Ìkùukùu Ṣe Gba Orúkọ, Tí Ìròyìn Ojú Ọjọ́ Fi Dé Inú Ìwé Ìròyìn

Omi ni ìkùukùu, kì í ṣe èéfín. Oòrùn a máa fa omi láti inú òkun, odò àti ewé igi, omi náà a sì bá afẹ́fẹ́ gbígbóná gòkè láìjẹ́ pé ojú rí i. Bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń ga sí i ló ń tutù, títí apá rẹ̀ kò fi ní ká omi tó gbé mọ́, omi á sì tún di ẹ̀kán. Ẹni tó bá ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ ti rí irú rẹ̀: omi tó ti ìsàlẹ̀ gòkè láìhàn ló lẹ̀ mọ́ inú ìdérí yẹn, tó ń kán padà.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù kò ní orúkọ kan tí gbogbo wọn jọ ń pe ìkùukùu títí di nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ohun tó ń yí padà kí a tó ṣẹ́jú, ta ni yóò sọ ọ́ lórúkọ? Luke Howard, apòògùn kan tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1772, ló dáhùn. Ní December 1802, ó ṣàlàyé fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí pé bó ti wù kí ìkùukùu yí padà tó, ìrísí rẹ̀ kò pọ̀. Èdè Látìn ló fi sọ wọ́n lórúkọ. Cirrus, irun, ni èyí tó fẹ́lẹ́ lókè réré. Cumulus, òkìtì, ni èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́, tí orí rẹ̀ funfun bí òwú tó là. Stratus tẹ́ bí ẹní. Nimbus ni èyí tó ṣú, tó ń rọ òjò. Bí méjì bá wọnú ara wọn, orúkọ wọn náà á wọnú ara wọn.

Lọ́dún yẹn kan náà, Lamarck, ọmọ ilẹ̀ Faransé, to orúkọ tirẹ̀ jọ lédè Faransé, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀. Látìn kì í ṣe èdè abínibí ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì sí ìlú tó lè kọ̀ ọ́ pé ti aládùúgbò ni. Goethe, akéwì ilẹ̀ Jámánì, kọ ewì láti fi yin Howard.

Orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mú kí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run ní ìlú kan lè kọ̀wé tí yóò yé ẹni tó wà ní ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n ìjì yára ju lẹ́tà lọ. Ìgbà tí wáyà tẹligíráàfù dé ni ìròyìn tó lè ṣáájú ìjì.

Robert FitzRoy, ọ̀gá ọkọ̀ Beagle tí Charles Darwin bá rìn, ni ìjọba Bìrìtìkó fi ṣe olórí ọ́fíìsì ojú ọjọ́ tuntun ní 1854. Ní October 1859, ọkọ̀ Royal Charter tó ń ti Melbourne bọ̀ fọ́ mọ́ àpáta ní Anglesey, ní Wales, ó sì lé ní 400 ènìyàn tó kú. FitzRoy gbà pé ìkìlọ̀ lè gba ẹ̀mí là. Ó ṣètò kí àwọn ìlú etí òkun máa fi wáyà sọ bí atẹ́gùn àti ojú ọ̀run ṣe rí fún Lọ́ńdọ̀nù. Láti February 1861, bí ìjì bá ń bọ̀, wọn á fa ohun dúdú kan tó ní ṣóńṣó sókè lórí òpó ní èbúté: bí ṣóńṣó rẹ̀ bá wo òkè, ìjì láti àríwá ni, bó bá wo ilẹ̀, láti gúúsù ni. Ní August 1, 1861, ìwé ìròyìn The Times tẹ ìròyìn ojú ọjọ́ rẹ̀ jáde, ti ọjọ́ méjì péré tó ń bọ̀. FitzRoy kọ̀ kí wọ́n pè é ní ọ̀rọ̀ wòlíì. Ìṣirò ni, ó sì lè tàsé. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì gan-an, àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín nígbà tó bá tàsé kò sì kà á sí. FitzRoy gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní April 1865. Ìgbìmọ̀ kan dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní 1866, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi òkun jẹun kò gbà: ìkìlọ̀ ìjì padà ní 1867, ìròyìn ojú ọjọ́ ní 1879.

John Aitken, ará Scotland, ló fi hàn ní 1880 pé afẹ́fẹ́ tútù nìkan kò tó kí ìkùukùu fi ṣú. Ó rọ ooru omi sínú ìgò ńlá méjì. Èyí tí afẹ́fẹ́ lásán wà nínú rẹ̀ funfun báláú; èyí tó ti fi òwú sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ gaara. Eruku ni ẹ̀kán omi ń dì mọ́, bí kò bá sí eruku, kò ní rọrùn fún ìkùukùu láti ṣú. Ní 1896 ni ìwé àwòrán ìkùukùu àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ fọwọ́ sí jáde, oríṣi mẹ́wàá ló sì wà nínú rẹ̀, lórí ìpìlẹ̀ Howard.

Ọjọ́ méjì FitzRoy di ọ̀sẹ̀ kan nípasẹ̀ ìṣirò. Lewis Fry Richardson, onímọ̀ ìṣirò ará Bìrìtìkó, fi ọwọ́ ṣírò ojú ọjọ́ wákàtí mẹ́fà, ó tàsé pátápátá, síbẹ̀ ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1922. Kọ̀ǹpútà ENIAC ṣe irú ìṣirò náà ní Amẹ́ríkà ní 1950. Ní 1979, ilé iṣẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ dá sílẹ̀ ní Reading bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò ojú ọjọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Èyí tó ṣì ń fún kọ̀ǹpútà níṣòro ni òkìtì ìkùukùu kan ṣoṣo, irú èyí tó ń rọ̀ ní Mushin tí ilẹ̀ Sùúrùlérè ṣì gbẹ.