Nígbà tí Yìgì Bá Tú: Ta Ni Ó Ni Dúkìá?

  

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dé iwájú àwọn àlùfáà wa lemọ́lemọ́: bí ọkọ àti ìyàwó bá pínyà, ta ni ó ni ilé, ta ni ó ni ilẹ̀, ta ni ó sì ni ẹrù inú yàrá? Àwọn kan ní kí a pín gbogbo rẹ̀ sí méjì dọ́gba, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó ń ṣe. Àwọn mìíràn ní kí obìnrin kó aṣọ rẹ̀ nìkan, kí ó sì dá sàdáàkì padà kí ó tó jáde. Èyí èkínní kì í ṣe òfin ẹ̀sìn wa. Èyí èkejì pàápàá kì í ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ ìtàn, kí á lè mọ ibi tí àṣìmọ̀ méjèèjì ti wá.

Ohun tí a fi lélẹ̀ ní Mẹ̀dínà

Kí Ìsìláàmù tó dé ilẹ̀ Lárúbáwá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé alágbàtọ́ obìnrin ni ó ń gba sàdáàkì, tí ó sì ń ná an. Àlùkùránì pa èyí rẹ́. Nínú Sūratun-Nisā'i, āyah 4, Ọlọ́hun pàṣẹ kí a fi sàdáàkì lé obìnrin fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Ní āyah 32, Ó jẹ́ kí ó yé wa pé ohun tí ọkùnrin ṣiṣẹ́ rí jẹ́ ìpín tirẹ̀, ti obìnrin náà sì jẹ́ tirẹ̀. Ní āyah 20, Ó kọ̀ fún ọkọ tí ó fẹ́ fi ìyàwó kan rọ́pò òmíràn láti gba ohun tí ó ti fún un padà, ìbáà jẹ́ òkìtì ọrọ̀. Láti inú èyí ni àwọn onímọ̀ ti mú un pé síso yìgì kò so owó pọ̀. Ohun tí kálukú ní kí ó tó wọlé, àti èyí tí ó rí lẹ́yìn rẹ̀, tirẹ̀ ni.

Nígbà ayé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni ìyàwó Thābit ọmọ Qays wá bá a. Obìnrin náà kò fi ìwà tàbí ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀ sùn, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè bá a gbé mọ́. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bi í bóyá yóò dá ọgbà tí ọkọ fi ṣe sàdáàkì rẹ̀ padà. Ó gbà, wọ́n sì pínyà. Èyí ni à ń pè ní khul'u. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ náà: obìnrin tí ó fúnra rẹ̀ tọrọ ìtúsílẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ ṣẹ̀ ẹ́ ni ó dá sàdáàkì padà. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ ni ó kọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ gbé, gbogbo sàdáàkì jẹ́ tirẹ̀. Bí wọn kò bá tíì mọ ara wọn bí tọkọtaya, ìdajì èyí tí wọ́n ti dá iye rẹ̀ ni tirẹ̀.

Òfin òyìnbó àti kóòtù ìbílẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ìgbà tí wọ́n ṣe òfin ọdún 1870 àti ti 1882, owó àti ẹrù tí obìnrin bá mú wọ ilé ọkọ di ti ọkọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Owó òwò ìyá ọlọ́jà jẹ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, tí wọ́n sì ṣe òfin ìgbéyàwó tiwọn ní 1884, yìgì tiwa bọ́ sí abẹ́ ohun tí wọ́n pè ní àṣà ìbílẹ̀.

Ibẹ̀ ni àdàlú ti wọlé. Nínú kóòtù ìbílẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀, àti nínú èyí tí Ìwọ̀-Oòrùn tún tò ní 1957, dídá owó orí padà ni àmì pé ìgbéyàwó ti parí. Àwọn ènìyàn wa sì fi ojú owó orí wo sàdáàkì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ohun kan náà. Owó orí jẹ́ ti ìdílé. Sàdáàkì jẹ́ ti obìnrin.

Òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 1970, fún kóòtù gíga ní àṣẹ láti pín dúkìá bí ó ti tọ́ lójú adájọ́, kì í sì í ṣe dọ́gba-dọ́gba dandan. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ìgbéyàwó tí a ṣe ní ìlànà Ìsìláàmù sílẹ̀. Ní Ìlọrin, kóòtù ẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣẹ̀ríà wà. Ìwé òfin 1999 gba ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ láyè láti dá irú rẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn kò ṣe é. Ìdí nìyí tí àwọn Mùsùlùmí fi dá ìgbìmọ̀ aládàáni sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó ní ọdún 2002. Àdéhùn àwọn tí ó ń jà ni ó gbé ìdájọ́ wọn ró. Wọn kò ní ọlọ́pàá tí yóò mú un ṣẹ.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ̀tọ́ tí kò ní ẹ̀rí lè sọnù lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹ wo obìnrin tí ó fi owó àjọ rẹ̀ ra búlọ́ọ̀kù àti páànù sí ilé tí ìwé rẹ̀ jẹ́ orúkọ ọkọ nìkan. Ẹ̀sìn kò sọ pé kí ó pàdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìwé, tí kò sí ẹlẹ́rìí, kí ni kádì yóò gbé ìdájọ́ lé? Bóyá ẹ̀bùn ni, bóyá ẹ̀yáwó ni, bóyá ìpín ni, ẹ jẹ́ kí ó hàn láti ọjọ́ tí ìfẹ́ ṣì wà. Àlùkùránì tí ó pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀ kò yọ tọkọtaya sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ san sàdáàkì tí ó kù lọ́rùn yín. Ẹ má ṣe lé obìnrin jáde nínú ilé kí ‘iddah rẹ̀ tó pé, kí ẹ sì fún un ní ẹ̀bùn ìtùnú bí agbára yín bá ti mọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ná sàdáàkì ọmọ yín. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Nínú Sūratul-Baqarah, āyah 183 sí 187 ni ó sọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀ lé e gan-an, āyah 188, ni ó kọ̀ fún wa láti jẹ dúkìá ara wa ní ọ̀nà èrú, tàbí kí á gbé e tọ adájọ́ lọ kí á lè fi ẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́. Ẹni tí ó fi oúnjẹ àti omi tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sán nítorí Ọlọ́hun, báwo ni yóò ṣe jẹ ohun ìní ẹni tí ó ti jẹ́ aṣọ fún un rí? Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á jẹ́ olódodo nínú ìdàpọ̀ àti nínú ìpínyà. Āmīn.