Dánfó Tí Ó Di Ilé

Ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá gba etí òkun Cornwall tàbí Devon kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí àwọn ọkọ̀ kan tí iwájú wọn rí rogodo, tí wọ́n ta kọ́tìnnì sí ojú fèrèsé, tí àwọn tí ó ni wọ́n sì ń se tíì lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kámpà ni àwọn ọmọ wa ń pè é. Ọkọ̀ tí a ń wà, tí a sì tún ń sùn nínú rẹ̀ ni. Ọkọ̀-ibùgbé ni n óò máa pè é níhìn-ín. Nígbà tí màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, tí wọ́n rí èyí tí èmi àti ọkọ mi rà, wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní: “Ṣé dánfó náà ni ẹ tún wá rà ní ìlú Òyìnbó?” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí òtítọ́ ni màmá sọ.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1947, ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan tí ń jẹ́ Ben Pon ya àwòrán ọkọ̀ kan sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀: àpótí lórí táyà mẹ́rin, awakọ̀ níwájú pátápátá, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Ó ti rí ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń kó irin kiri nínú ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Wolfsburg, ní Jámánì, níbi tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lẹ́yìn ogun. Ní oṣù kẹta ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ náà fún títà. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 25 lọ. Ẹrù àwọn oníṣòwò kéékèèké ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1951, ilé-iṣẹ́ Westfalia mú àpótí kan jáde tí a lè gbé sínú rẹ̀, tí ó ní ibùsùn nínú. Bí ìsinmi bá parí, a ó gbé àpótí sílẹ̀, ọkọ̀ a sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ Martin Walter ní Folkestone wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n mú ọkọ̀ Bedford CA, tí wọ́n ń ṣe ní Luton láti ọdún 1952 títí di 1969, wọ́n tẹ́ ibùsùn sí i, wọ́n ṣe òrùlé tí ń ṣí sókè fún un, wọ́n sì pè é ní Dormobile. Ìjọba kì í gba owó-orí ọjà lórí ọkọ̀-ibùgbé nígbà náà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń gbà á lórí mọ́tò lásán. Títí VAT fi dé ní ọdún 1973, ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n lè fi owó kan ra mọ́tò àti ibi ìsinmi pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ kò ní ṣàì rántí orúkọ Bedford. Lórí férémù lọ́rì rẹ̀ ni àwọn káfíńtà wa ti kan pákó tí ó fi di bọ́lẹ̀kájà. Bí káfíńtà Folkestone ti ń kan ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà tiwa ń kan bẹ́ǹṣì. Ní ti Volkswagen, ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò wọn pọ̀ ní Èkó. Bọ́ọ̀sì Ben Pon wọ ọ̀dà ìyeyè onílà dúdú méjì níbẹ̀, ó di dánfó. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní rédíétọ̀, tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára, kò bá awakọ̀ wá omi kiri nínú oòrùn.

Ọkọ̀ ẹrù ni ọkọ̀-ibùgbé àtijọ́, aṣọ ilé ni wọ́n wọ̀ fún un. Aṣọ yẹn ni a sì rà. Ti ọdún 1974 ni tiwa. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, tìmùtìmù rẹ̀ jẹ́ tuntun. Iṣẹ́ mi ni láti máa wọ ilé onílé lọ wo bí ọmọ ṣe ń gbé níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀dà tuntun kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Síbẹ̀ n kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù ti jẹ irin etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán. Bọ́dífílà ni ẹni tí ó tà á fún wa fi dí ihò. Owó tí a san fún ẹni tí ń jó irin ju owó ọkọ̀ lọ, ọdún méjì ni a kò sì fi lọ sí ìsinmi kankan. Òòfà kékeré tí kò tó pọ́n-ùn mélòó kan ì bá ti gbà wá: ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, irin kò sí níbẹ̀. Ẹ gbé e dé ẹ̀yìn táyà, abẹ́ bátìrì, abẹ́ gíláàsì iwájú àti etí òrùlé.

Ẹ wo ìwé ọkọ̀ náà dáadáa. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní São Bernardo do Campo, ní Brazil, ṣe bọ́ọ̀sì yìí láti ọdún 1957 títí di oṣù kejìlá ọdún 2013, ìrísí rẹ̀ kò sì yí padà púpọ̀. Wọ́n kó lára rẹ̀ wá síhìn-ín, nítorí náà ohun tí ojú yín pè ní arúgbó lè jẹ́ ọmọdé. Ọkọ̀ tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún kò san owó-orí títì mọ́, láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 sì ni òfin kò ti fi dandan mú un lọ fún àyẹ̀wò MOT bí wọn kò bá tí ì yí ẹ̀yà rẹ̀ padà jù. Èmi ń gbé tiwa lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún síbẹ̀síbẹ̀.

Iná ni mo bẹ̀rù jù. Rọ́bà tí epo ń gbà kọjá a máa gbó, a sì máa la. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, kí awakọ̀ tó gbóòórùn èéfín, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, epo E10 tí ọtí ẹtánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń tà jù ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì bá rọ́bà àtijọ́ lára mu. E5 ni kí ẹ máa rà. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà náà lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ọkọ̀ délé, kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo máìlì 3,000, kí ẹ̀rọ apaná má sì jìnnà sí ọwọ́ awakọ̀. Bí òtútù bá mú lóru, ẹ má ṣe tan sítóòfù gáàsì láti fi yá ara. Èéfín olóró rẹ̀ kò ní òórùn, ojú oorun ni ó sì ń pani sí. Ẹ fi ẹ̀rọ tí ń ké bí ó bá dé sínú ọkọ̀.

Nípa àwọn ọmọ, ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ní bẹ́líìtì lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́ta wọ ọkọ̀ tí kò ní bẹ́líìtì rárá. Èyí tí ó ti lé ní mẹ́ta, ẹ̀yìn nìkan ni ó lè jókòó sí. Èmi kò tilẹ̀ gba ìyẹn. A san owó kí oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe de bẹ́líìtì mọ́ irin gidi, ọmọ wa kankan kò sì jókòó lórí àga tí ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn.

A gbé màmá lọ sí Dorset kí wọ́n tó padà sílé. Wọ́n yan àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn fúnra wọn, wọ́n de bẹ́líìtì, wọ́n sì ń ròyìn fún àwọn ọmọ bí kọ̀ǹdọ́ ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí a rí pápá tí a ó sùn lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀ gbàgbà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì kígbe sí ọkọ mi níwájú pé: “Ó wà o!”